Èsì: Ogun Ìkòròdú fún máàpù táǹkì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ dábàá ogun Ìkòròdú fún àwọn tó ń ṣe géèmù táǹkì (ọkọ̀ ogun onírin tó ní ìbọn ńlá), kí wọ́n fi ṣe máàpù, ìyẹn ibi ìjà inú géèmù. Wọn ò ní gbà á. Lọ́dún 1865 tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú wa, tí Glover, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kó ọmọ ogun wá lé wọn, táǹkì ò tíì dáyé. Ọdún 1916 ló kọ́kọ́ wọ ojú ogun, nílẹ̀ Faransé. (Ó wu èmi náà kí n wa táǹkì gba Sábó kọjá o!)

Ẹ mú ogun ìlú Ortona ní Ítálì, oṣù Kejìlá 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé dé ilé ni àwọn ará Kánádà àti Jámánì ti jà á, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn Jámánì wó ilé dí ojú ọ̀nà kéékèèké, kí táǹkì Sherman tí àwọn ará Kánádà ń lò má baà rí ibòmíì gbà ju títì ńlá tí wọ́n ti lúgọ dè é. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Àmọ́ tí géèmù yín bá jẹ́ ti èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títì kan ò ní gbà yín. Ẹ la ọ̀nà méjì kún un:

1. ọ̀kan létí òkun
2. ọ̀kan lẹ́yìn ìlú

Ẹ ya máàpù náà sórí ìwé, kí ẹ fi fọ́tò ayé ìgbà yẹn tì í. Àlàyé gígùn, wọn kì í kà á.