Fútírẹ́ẹ̀sì iwájú tó ń yí lójú gáàdì, àti bí a ṣe ń so ó kó lè dúró

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gun alùpùpù Harley Road King béèrè pé fútírẹ́ẹ̀sì iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní highway peg, tí òun so mọ́ gáàdì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn páìpù tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì níwájú, ń yí wálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, pé apá òsì ló sì burú jù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn tún fún bóòtù rẹ̀ sí i, àbí kí àwọn gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó jó o pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fún un sí i, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kàn án. Bí kílám̀pù, ìyẹn ohun alábala méjì tó di fútírẹ́ẹ̀sì mú mọ́ páìpù gáàdì, bá ń yí lójú páìpù, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ kò bá páìpù mu, tàbí kí epo wà láàárín àwọn méjèèjì, tàbí kí apá tó gbé fútírẹ́ẹ̀sì jáde gùn ju ohun tí kílám̀pù lè dì mú. Kò sí èyí tí agbára lórí sípánà máa wò sàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kílám̀pù yìí jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà, kì í tẹ̀ kó tó kán. Tí ẹ bá fún un jù, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa là, ó sì lè jẹ́ lójú eré ló máa là.

Orí páìpù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Páìpù gáàdì tí Harley ń ṣe fún àwọn alùpùpù Touring wọn, ìyẹn àwọn tó wà fún ìrìn àjò jíjìn bíi Road King, fẹ̀ tó íǹṣì 1¼ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ìyẹn bíi mílímítà 32. Lórí alùpùpù mìíràn, ẹ lè rí íǹṣì 1, ẹ lè rí 1⅛, ẹ sì lè rí ⅞ tó jẹ́ mílímítà 22. Ẹ má gba ohun tó wà lára páálí gbọ́, ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Tí kò bá sí káálípà tí wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ páìpù, ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ wé e mọ́ páìpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó ti pàdé ara rẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí rúlà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, páìpù 1¼ nìyẹn. Sẹ̀ǹtímítà 9 ni 1⅛, 8 ni íǹṣì 1, 7 sì ni ⅞. Ó rọrùn láti rántí, kì í sì í tan èèyàn jẹ tí bébà náà bá gún régé.

Àwọn tó ń gun alùpùpù tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà ní láti ṣọ́ra níbí gan-an, torí nígbà mìíràn gáàdì tó bá ọkọ̀ wá ti lọ, wẹ́dà ló fi páìpù omi ṣe òmíràn. Páìpù omi tí wọ́n ń tà ní "one inch" kì í ṣe íǹṣì kan tí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti òde. Ó máa ń tó mílímítà 33 àti ààbọ̀. Bébà yín á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 àti ààbọ̀ hàn. Kílám̀pù 1¼ á fẹ́ jọ pé ó gba páìpù yìí, ṣùgbọ́n etí kílám̀pù nìkan ló máa kan án, àárín rẹ̀ á wà lófìfo. Èyí tí wọ́n ń pè ní "three-quarter" náà fẹ̀ tó mílímítà 27, kò sì sí nínú àwọn ìwọ̀n tí mo kà sókè yẹn. Fún irú gáàdì bẹ́ẹ̀, kílám̀pù tó ní ìwọ̀n tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ pààrọ̀ gáàdì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún bóòtù, ẹ wo ibi tí abala méjèèjì kílám̀pù ti dojú kọra. Ó yẹ kí àlàfo mílímítà kan sí méjì ṣì wà níbẹ̀, kó sì dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Bí abala méjèèjì bá ti fẹnu kanra, bóòtù ń fún abala kan mọ́ èkejì ni, kò fún ohunkóhun mọ́ páìpù mọ́. Ibi tí mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n wa nìyí. Apá òsì sì máa ń kọ́kọ́ fi àìsàn yìí hàn, torí ẹsẹ̀ òsì ló ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ní bíréékì tó gbọ́dọ̀ máa padà sí.

Bí àyè tí ẹ ní láti dí láàárín kílám̀pù àti páìpù bá kéré, ẹ lè gé agolo mínírà, kí ẹ fi wé páìpù kí kílám̀pù tó bọ́ sí i. Ara agolo yẹn ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, nítorí náà ìpele méjì lè tó. Tó bá ti fẹ́ ju mẹ́ta lọ, kílám̀pù yẹn kì í ṣe ti páìpù yẹn, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́, torí pé kì í jẹ́ kí kúróòmù họ. Èmi ò kọ rọ́bà, bí ó bá ti tinrín. Èyí tó nípọn máa ń rọ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnnì, á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, bóòtù tí ẹ fún dáadáa lánàá á sì ti dẹ̀ tó bá yá.

Kó tó di pé ẹ dì í, ẹ fi sípíríìtì nu ojú páìpù àti inú kílám̀pù títí aṣọ funfun kò fi ní dọ̀tí mọ́. Wáàsì tí wọ́n fi ń dán kúróòmù burú níbí ju epo ẹ́ńjìnnì lọ, torí ojú kì í rí i. Ẹ má lo ohun tí wọ́n ń fún sí bíréékì láti fi fọ̀ ọ́ bí gáàdì yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n kùn ní dúdú, ó lè bó ọ̀dà náà.

Ọ̀rọ̀ apá tó gbé fútírẹ́ẹ̀sì jáde wá kàn. Ká ní ẹsẹ̀ yín gbé kílò 6 lé fútírẹ́ẹ̀sì tó jìnnà sí àárín páìpù ní sẹ̀ǹtímítà 10: agbára tó fẹ́ yí kílám̀pù jẹ́ bíi Newton-mítà 6 (Newton-mítà ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń yí nǹkan). Bí apá náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ó dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n tí ẹni kílò 80 bá dìde dúró lórí rẹ̀, tàbí tó fi ṣe àtẹ̀gùn gun alùpùpù, ó ti di bíi 80, kò sì sí kílám̀pù tí wọ́n ṣe fún ìyẹn. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ ń gbé sẹ́yìn pẹ̀lú. Apá tó kúrú jù tí ẹsẹ̀ yín bá lè gbà ni kí ẹ rà. Àwọn apá gígùn tó tẹ̀ síwá sẹ́yìn lẹ́wà lójú, wàhálà wọn pọ̀.

Ibi tí ẹ máa so ó sí ló yẹ kó gba àkókò yín jù. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí alùpùpù bá fẹ̀gbẹ́ lé sítáǹdì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di àǹdù mú kó dúró ṣánṣán. Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń gùn ún gan-an, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó tí ọ̀nà bá jìn, ìbàdí sẹ́yìn, ọwọ́ lórí àǹdù. Kí ẹ wá di ojú, kí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú lófuurufú síbi tó bá tù wọ́n. Kí ẹnì kejì lẹ téèpù mọ́ gáàdì níbi tí gìgísẹ̀ yín bá dé. Orúnkún gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán pátápátá, ìbàdí á yí sẹ́yìn, ìdí egungun ẹ̀yìn ni gbogbo ara á sì wá jókòó lé, kí ẹ tó gun wákàtí méjì ẹ̀yìn á ti máa ro yín. Fútírẹ́ẹ̀sì tí ẹ rà nítorí ìsinmi á wá di ohun tó ń dá yín lágara.

Téèpù ṣì wà níbẹ̀, ẹ yí àǹdù dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wò ó bóyá ó kan orúnkún. Lórí Harley, ilé asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì wà lápá ọ̀tún, ó sì máa ń gbá orúnkún ọ̀tún. Nítorí náà fútírẹ́ẹ̀sì ọ̀tún lè jáde síta díẹ̀ ju ti òsì lọ, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún láti iwájú lọ sórí bíréékì, kí ẹ tún un ṣe léraléra láìwo ilẹ̀. Tí imú bàtà bá há sábẹ́ ohunkóhun, tàbí tí ẹ bá ní láti yí orúnkún síta kó tó kọjá, ẹ sún fútírẹ́ẹ̀sì náà. Ẹ ṣe bákan náà fún jíà lápá òsì. Àlàfo ìka mẹ́ta láàárín bàtà tó sinmi àti ẹsẹ̀ bíréékì ni mo máa ń fẹ́ rí.

Ẹ wọn gígùn láti bóòtù ìsàlẹ̀ gáàdì sókè dé téèpù lápá méjèèjì. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ilẹ̀ kì í tẹ́jú tó bí ojú ṣe rò. Ẹ yẹra fún ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọ́rọ́, torí ojú kan tàbí méjì péré ni kílám̀pù máa gbá mú níbẹ̀. Ibi tó gún, tó sún mọ́ òkè oríkèé tí wọ́n jó pọ̀, ló dára jù: bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ yọ́ wálẹ̀, oríkèé náà á dá a dúró.

Nígbà tí alùpùpù bá ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà, ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó kan ilẹ̀ ni pátákó ìtẹ̀sẹ̀, èyí tó lè ká. Ẹ mú ọ̀pá igi tó gún, ẹ fi orí kan sí ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, ẹ gbé ara ọ̀pá náà lé etí òde pátákó. Fútírẹ́ẹ̀sì iwájú gbọ́dọ̀ wà lókè ọ̀pá yẹn, pẹ̀lú àyè tó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó má yọ síta kọjá ibi tí gáàdì ti fẹ̀ jù, torí bí alùpùpù bá ṣubú, orí rẹ̀ ni gbogbo ìwúwo á bọ́ sí, á sì tẹ gáàdì wọnú. Ẹ rí i pé ó ń ká sókè, kó sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀. Èyí tí wọ́n so kó máa ká síwájú lè há mọ́ ilẹ̀ bí ọkọ́.

Bóòtù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kánjú sí. Ẹ fi ọwọ́ wọ gbogbo wọn tán kí sípánà tó dé, kí ẹ wá máa fún wọn lẹ́sẹẹsẹ, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, kí àlàfo lè dọ́gba. Ìwọ̀n tó wà nínú bébà tó bá páálí wá ni kí ẹ lò, pẹ̀lú sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń fi bí ẹ ṣe fún bóòtù tó hàn. Tí bóòtù kan bá sọnù, ẹ má fi M8, bóòtù mílímítà 8, rọ́pò 5/16 tó jẹ́ ti íǹṣì. Wọ́n fẹ̀ bákan náà lójú, ṣùgbọ́n ìlà ara wọn yàtọ̀: ti M8 jìnnà síra ní mílímítà 1.25, ti 5/16 tí ìlà rẹ̀ jìnnà síra (coarse) sì tó 1.4. Á wọlé ìyípo méjì, á le, ẹ̀yin á rò pé ó ti dì, ìlà inú kílám̀pù ló ń jẹ. Ẹ kán Loctite 243, gúlúù bóòtù tó jẹ́ búlúù, ẹ̀kán kan ṣoṣo sí bóòtù kílám̀pù, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn títí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e jáde. Pupa kò yẹ níbí. Iná ni wọ́n fi ń yọ ọ́, iná á sì ba kúróòmù jẹ́. Bóòtù ibi tí fútírẹ́ẹ̀sì ti ń ká kò gbọ́dọ̀ rí Loctite lójú ibi tó ti ń yí, gíríìsì ni tirẹ̀, kí wọ́ṣà onígbì (wave washer) rẹ̀ sì wà ní ipò rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó máa mì.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí gáàdì kó lè ki píìnì bọ̀ ọ́. Páìpù tó ṣófo ni, ihò á sọ ọ́ di aláìlágbára, omi òjò á wọlé, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́ láti inú.

Àwọn tó ń gun Honda Gold Wing tàbí BMW RT kò lè tẹ̀lé gbogbo èyí bó ṣe rí. Sìlíńdà ẹ́ńjìnnì wọn yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì níwájú ẹsẹ̀ gan-an, ojúgun á gbá a, ooru rẹ̀ á sì máa fẹ́ sí ṣòkòtò. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ yẹn, tó gba òkè sìlíńdà kọjá, ni kí wọ́n rà.

Lójú ọ̀nà, ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, alùpùpù ń jẹ mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì lè jẹ́ gbogbo àkókò tí ẹsẹ̀ ọ̀tún máa fi padà sórí bíréékì. Ibi tí ọ̀nà bá ti mọ́ lọ jìnnà nìkan ni kí ẹ gbé e síwájú. Nínú ìlú, lẹ́yìn tírélà, tàbí níbi tí kòtò àti màlúù ti lè yọ lójijì bíi Lagos sí Ìbàdàn, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nílé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí bóòtù bọ́ sára kílám̀pù, kí ẹ fa òmíràn láti kílám̀pù bọ́ sórí páìpù. Ẹ wò wọ́n lẹ́yìn kìlómítà 100 àkọ́kọ́, kí ẹ tún wò wọ́n ní 500, lẹ́yìn náà nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì. Bí ìlà bóòtù bá yẹ̀, Loctite ni ẹ máa tún ṣe. Bí ti páìpù ló yẹ̀, ẹ padà sórí bébà àti rúlà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ tú kílám̀pù náà pátá kí ẹ nu abẹ́ rẹ̀, torí omi máa ń sùn síbẹ̀, ìpẹtà kúróòmù a sì máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.