Agbára, àṣẹ àbí ìjẹgàba: èwo gan-an ni Max Weber ń sọ?

Àbúrò mi kan tó ń ka sọṣiọ́lọ́jì níbí n'Òṣogbo ló bèèrè pé kí ló dé tí ìwé kan pe ọ̀rọ̀ kan tí Weber, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, lò ní authority tí òmíì pe ọ̀rọ̀ kan náà ní domination, àti pé ṣé "àṣẹ" la máa pè é ní Yorùbá. Àbúrò, o bèèrè ọ̀rọ̀ gidi.

Jámánì ni Weber fi kọ̀wé, ó kú ní 1920. Ọ̀rọ̀ méjì ló yà sọ́tọ̀. Macht ni kéèyàn lè ṣe ìfẹ́ inú ẹ̀ bí ẹlòmíì ò tiẹ̀ gbà, ohun yòówù kó fi ṣe é. Agbára nìyẹn, kò le rárá: ọmọọ̀ta tó gbégi dínà pé kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó kọjá, agbára ló fi gbà á. Ìkejì, Herrschaft, ni pé tẹ́nì kan bá pàṣẹ, àwọn tó pa á fún á ṣe é. Nígbà tí Parsons àti Henderson túmọ̀ ìwé ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1947, wọ́n pe Herrschaft ní imperative control, ìyẹn fífi àṣẹ darí èèyàn, wọ́n tún pè é ní authority, ọ̀rọ̀ wá rọ̀ bí ẹni pé tẹrútọmọ ló fọwọ́ sí i. Ìtúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì míì tí Roth àti Wittich gbé jáde ní 1968 lo domination, ìyẹn náà tún wá dún bí ìjẹgàba lásán, bẹ́ẹ̀ Weber fúnra ẹ̀ sọ pé àwọn èèyàn lè gbà pé ó tọ́, bóyá torí àṣà, torí òfin, àbí torí ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n rí lára aṣáájú.

Àṣẹ wá ńkọ́? Wo Arugbá lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, omidan tó gbé igbá lórí láti ààfin Àtáọ́ja lọ sójúbọ, kò pàṣẹ fẹ́nì kankan, síbẹ̀ èrò ń wọ́ tẹ̀lé e, wọ́n ń kígbe àdúrà, torí wọ́n gbà pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ á ṣẹ. "Kó ṣẹ" yẹn wà nínú àṣẹ, kò sí nínú Herrschaft. Akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń gba owó orí ní Herrschaft tiẹ̀ lábẹ́ òfin, àmọ́ ta ló máa ṣe "àṣẹ" sọ́rọ̀ ẹ̀?

Lójú tèmi, "ìjọba lé lórí" ló sún mọ́ ọn jù. Herr, ìyẹn olúwa, wà nínú Herrschaft bí ọba ṣe wà nínú ìjọba, èèyàn sì lè jọba lé wa lórí torí a fẹ́ ẹ, ó sì lè jẹ́ ogun ló fi kó wa. Tó o bá wọ ìdánwò, kọ Herrschaft sílẹ̀ bó ṣe wà, kó o wá sọ bóyá ti 1947 lò ń lò àbí ti 1968.