Bí ọmọ bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Iléṣà, ta ni yóò rí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ẹni ọdún 16 máa ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá a, kò sì sí ẹni tó rí i lórí pápá tí kì í sọ fún mi pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì wá bá wa nílé, ó ní òun yóò mú un lọ ṣe ìdánwò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Yúróòpù, àti pé kí a wá ₦900,000 fún físà àti fọ́ọ̀mù. Bàbá rẹ̀ ti ń gbèrò àtita ilẹ̀ kékeré kan tí a ní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí a má san kọ́bọ̀, pé kí a kúkú rán ọmọ náà wá sọ́dọ̀ òun ní Èkó, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò wá wo agbábọ́ọ̀lù ní Iléṣà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe?
*Ìyá Agbábọ́ọ̀lù, Ìsọ̀kún, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀ kí wọ́n má ta ilẹ̀ yẹn.

Òfin FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, sọ pé agbábọ́ọ̀lù tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò lè forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, bí irú kí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ wo Victor Osimhen. Ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹwàá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, èyí tó wáyé ní Chile lọ́dún 2015, gbogbo ayé sì ti mọ orúkọ rẹ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ló tó wọ ẹgbẹ́ Wolfsburg ní Jámánì, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 18. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wilfred Ndidi: ó pé ọmọ ọdún 18 ní oṣù kejìlá ọdún 2014, nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ó wọ ẹgbẹ́ Genk ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bí àwọn tí ayé ti rí bá dúró de ọjọ́ orí wọn, kí ni ọkùnrin tó wá sílé yín fẹ́ fi ọmọ ọdún 16 ṣe lókè òkun?

Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ẹ sì ní kí ẹni tó bá mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò bá yín wò ó lórí ìkànnì FIFA, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ejẹ́ǹtì tó ní ìwé àṣẹ sí. Ejẹ́ǹtì tó ní ìwé àṣẹ kì í gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òbí. Ìdá kan nínú owó tí agbábọ́ọ̀lù bá ń gbà lẹ́yìn tó ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ni owó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti já sílẹ̀ ní ìlú onílùú, láìsí ìwé ìgbélùú, láìsí ibùsùn, tí ojú sì ń tì wọ́n láti tẹ òbí tó ta ilẹ̀ nítorí wọn láago.

Ní ti owó, ẹ̀gbọ́n yín sọ òótọ́. Ní ti Èkó, n kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kì í ṣa ọmọ ní àdúgbò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ló ń lọ wò, pàápàá èyí tó ní ètò, tó ní rẹfirí, tí orúkọ àwọn tó ń gbá a sì wà nínú ìwé. Ọmọ tó bá dé Èkó láìní ẹgbẹ́ kan pàtó yóò kàn dara pọ̀ mọ́ àìmọye ọmọ tó ń sáré kiri pápá ní ìrọ̀lẹ́ ni, yóò sì ti fi ilé-ìwé àti ojú òbí sílẹ̀. Ẹ rántí pé Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé ẹgbẹ́ Remo Stars tó gba ife líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25, Ìkẹ́nnẹ́ kò sì tó Iléṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan bí a bá ń sọ ti títóbi ìlú. Ẹgbẹ́ tó létò ló gbé ìlú náà jáde.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, kò ná yín ní ₦900,000. Ẹ lọ bá kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ yín, kí ẹ bi í bóyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àti bóyá orúkọ ọmọ yín wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn, ì báà jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò jìnnà sí yín ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ìtàn bọ́ọ̀lù ọmọ náà. Òun náà ló ń ṣe ẹgbẹ́ kékeré láǹfààní: bí a bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, òfin FIFA ya ìdá 5 nínú 100 owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tí kò kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kóòṣì tó mọ èyí yóò fẹ́ kí ayé rí ọmọ yín, nítorí pé èrè ọmọ náà ni èrè tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù ní ibi tí ojú wà: ìdíje àwọn ilé-ìwé girama, ife ìpínlẹ̀, àti Nationwide League One, tí í ṣe ìpele kẹta líìgì wa. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lè bá Osun United ti Òṣogbo gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, kí ọmọ yín má ṣe aláìlọ, ì báà jẹ́ pé orí ìjókòó àwọn arọ́pò ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá ń wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé àrà ni. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó ń wò ó bóyá ó ti bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wá ta lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ mú un dúró tàbí ó fò lọ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀: ṣé ó gbé ọwọ́ sókè láti bá rẹfirí jà ni, tàbí ó ti yí padà tó ń lé e? Ẹsẹ̀ òsì tí ọmọ yín ní jẹ́ ọlà, torí pé àwọn kóòṣì kì í tètè rí ẹlẹ́sẹ̀ òsì tó dáńtọ́ fún ẹ̀yìn apá òsì. Bó bá ń gbá iwájú nìkan, kí ó kọ́ ìyẹn pẹ̀lú.

Fọ́nrán wúlò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan dúró sí ibi gíga, kó dábùú fóònù, kí nọ́ńbà ẹ̀wù ọmọ hàn, kó sì gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ dé òpin. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti gé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó dára jù jáde, láìfi orin kún un. Kí odindi rẹ̀ sì wà nípamọ́, nítorí ẹni tó mọṣẹ́ yóò béèrè fún un.

Kí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, NIN rẹ̀ àti ìwé ilé-ìwé rẹ̀ jọ sọ ọjọ́ kan náà. Kí ó sì ṣe WAEC rẹ̀ dáadáa, nítorí pé àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà ń fún agbábọ́ọ̀lù ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, èsì ìdánwò ni wọ́n sì ń wò mọ́ bọ́ọ̀lù. Bí ìwé àdéhùn bá dé kó tó pé ọdún 18, ẹ rántí pé FIFA kò fọwọ́ sí èyí tó bá kọjá ọdún mẹ́ta fún ọmọ tó wà ní irú ọjọ́ orí yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo jẹ́ ẹni ọdún 19, atamátàsé ni mí. Kóòṣì mi ní kí n lọ ṣe ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tuntun tí yóò gbé mi padà sí 16, pé mo ti dàgbà jù. Ṣé kí n ṣe é?
*Atamátàsé, Sábó, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe é. Láti ọdún 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju 17 lọ, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo eegun ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ìdíje náà. Eegun tó ti dàgbà tán yóò tú àṣírí rẹ. Kódà bí àṣírí kò bá tú, irọ́ náà yóò máa bá ọ lọ nínú gbogbo ìwé tí o bá tọwọ́ bọ̀.

Ọdún 19 kò sì pẹ́. Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn àti Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó tún gba Africa Sports ní Abidjan kọjá, kó tó dé Vitória Setúbal ní Portugal lọ́dún 1990, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 26. Ní ọdún 1993 ni wọ́n sọ ọ́ di agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ orí rẹ, kò sí òfin tó dí ọ lọ́wọ́ àtilọ sí ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Wá ẹgbẹ́ Nationwide tó ń ṣe ìdánwò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, fi ọjọ́ orí rẹ gan-an forúkọ sílẹ̀, kí o sì máa ka iye bọ́ọ̀lù tí o bá gbá sáwọ̀n àti ẹgbẹ́ tí o gbá a sí. Bí o bá tún rí àyè wọ OAU, ikọ̀ OAU Giants ń kópa nínú líìgì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kóòṣì tó ní kí o gé ọjọ́ orí yẹn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó ti kọ́ ọ, kí o sì wá ẹlòmíràn.