Ṣé Òṣìṣẹ́ Ìjọba Amúnisìn Lè Di Ajìjàgbara?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi, tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Moor Plantation, máa ń sọ pé ẹni tó bá ń jẹun nínú àwo amúnisìn kò lè bá a jà. Mo dárúkọ Amílcar Cabral, aṣáájú ìjà òmìnira Guinea-Bissau lọ́wọ́ Pọ́túgàl, fún wọn, wọn ò gbà. Ṣé lóòótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba Pọ́túgàl ni Cabral tẹ́lẹ̀?
Òǹkàwé kan, Apáta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún Bàbá, nítorí irú iṣẹ́ tí àwọn náà ṣe ni Cabral ṣe. Ìlú Bafatá ní Guinea-Bissau ni wọ́n bí i sí ní 1924, Cape Verde ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Lisbon ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ní 1953, ìjọba rán an pé kó lọ ka oko àwọn àgbẹ̀ jákèjádò Guinea-Bissau.

Lójú tèmi, inú ìrìn àjò yẹn ni ogun òmìnira ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó rí bí ẹ̀pà tí àwọn Potogí ń kó lọ sókè òkun ṣe ń gba ilẹ̀ àti agbára àwọn àgbẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà Balanta, tí wọ́n ń gbin ìrẹsì, tí wọn kò sì ní ọba, yóò tètè dìde, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìjòyè Fúlàní ti bá ìjọba mulẹ̀. Ní 1956, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá PAIGC, ẹgbẹ́ tó jà fún òmìnira Guinea-Bissau àti Cape Verde, sílẹ̀ ní Bissau, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbójú lé. Àmọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1959, àwọn ọlọ́pàá Pọ́túgàl yìnbọn lu àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Pidjiguiti ní Bissau tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí 50 ènìyàn sì kú. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti kọjú sí ìgbèríko. Kí ìbọn tó dún ní 1963, Cabral ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Conakry, olú ìlú orílẹ̀-èdè Guinea tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí wọn yóò ṣe wọ abúlé, tí wọn yóò kí àwọn àgbà, tí wọn yóò sì bá wọn sọ̀rọ̀ owó orí àti oko wọn.

Ó dùn mí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló yìnbọn pa á ní Conakry, ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ náà kéde òmìnira Guinea-Bissau ní agbègbè Boé, nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ọmọ ogun Pọ́túgàl.