Ikán ti wọ páálí ìwé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa, kí la máa ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù abúlé wa lẹ́bàá Kétu ní Bénin níbí ti pẹ́ gan, bàbá tó ń ṣe akọ̀wé ẹ̀ látijọ́ ló kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀ wá fẹ́ palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n ní ká wá kó ẹrù wa. Kàyé tí wọ́n ń kọ orúkọ àti góòlù sí, fọ́tò, káàdì, máyò (ẹ̀wù ìgbábọ́ọ̀lù) kan, ife ẹ̀yẹ méjì, ikán sì ti wọ páálí ọ̀hún. Ẹnì kan ní ká lẹ náílọ́ọ̀nù mọ́ gbogbo ìwé yẹn bíi káàdì ìdánimọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní ká ṣáà yà á sórí WhatsApp ká da ìyókù nù. Àwọn àgbà náà ń jà lórí ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn kan ní 1973, àwọn kan ní 1977. — Akọ̀wé tuntun, Kétu

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da nǹkan kan nù o, kódà bébà tí ikán jẹ tó ku bíńtín, orúkọ èèyàn lè wà níbẹ̀. Ẹ gbé páálí yẹn kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri lónìí, ibẹ̀ ni ikán ń gbà wọlé, kẹ́ ẹ tú u lábẹ́ ìbòòji, oòrùn máa ń pa íǹkì. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbọn erùpẹ̀ ẹ̀, ẹ má fín oògùn kòkòrò sórí ìwé. Pín-ìn-nì tó bá ti dípẹtà, ẹ rọra yọ ọ́, ìpẹtà yẹn ń jẹ bébà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn sínú kántíìnì, àpótí onírin yẹn, kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì.

Náílọ́ọ̀nù yẹn, rárá! Iná ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, tó bá ti mú, kò ṣeé ṣí mọ́ láìya ìwé, téèpù náà ò dáa, ó máa ń pọ́n, á sì kun bébà.

Àwọn ọ̀dọ́ yẹn gbìyànjú o, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, lẹ́tà kéékèèké á dàrú, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document. Kí wọ́n yà á lójú ọ̀sán láìtan fíláàṣì, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan títí kan èèpo ẹ̀yìn, kí wọ́n kọ ọdún ṣíwájú nínú orúkọ fáìlì, kí ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́wọ́ èèyàn bíi mẹ́ta tí wọn ò jọ gbélé kan náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn àgbà yẹn. Ní Kétu tiwa, Bàbá Ẹlẹ́gùn ló ń ka ìtàn ìlú látìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi Alákétu tuntun jẹ, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹnu aṣọ́lé àtijọ́ àti ẹni tó ń fọ máyò ni tiyín wà. Ẹ gbé fọ́tò síwájú wọn, ẹ tan fóònù kó máa gba ohùn, ẹ bi wọ́n pé ta nìyí lápá òsì, ọmọ ta ni, ta la gbá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá fi pẹ́ńsù rọra kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, kì í ṣe bíìkì.

Ti ọdún yẹn, ẹ wo òǹtẹ̀ ara káàdì. 30 oṣù Kọkànlá 1975 ni Dahomey di République populaire du Bénin, ó sì di République du Bénin ní 1990. Tẹ́ ẹ bá rí Dahomey lára káàdì mélòó kan, ọwọ́ àwọn tó ní 1973 le nìyẹn, àmọ́ ẹ má gbára lé ẹyọ kan, wọ́n lè máa lo ìwé àtijọ́ tó ṣẹ́ kù. Ẹ tún lọ wo ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé ìjọba l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Daho-Express tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969 ló di Ehuzu ní 1975, òun náà ló padà di La Nation ní 1990. Tí ò bá yanjú, ẹ kọ ọdún méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ má torí àlàáfíà yan ìkan.

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù kúrò nílé bàbá, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹ̀ àti ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ wọn. Tí fọ́tò bàbá bá sì wà níbẹ̀, ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde.