Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ fún púùlù lẹ́yìn ilé yín ní Ajah

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ààyè wà lẹ́yìn ilé yín ní Ajah, ayàwòrán kan ti fi àwòrán púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́ta hàn yín, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí ẹ mú: roboto, onígun mẹ́rin, tàbí èyí tí omi rẹ̀ ń ṣàn kọjá etí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, tí òkun wà lápá kan tí ọ̀sà wà lápá kejì, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń pinnu irú púùlù tí èèyàn lè kọ́. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni ẹ wà, ilẹ̀ pupa àti àpáta ni à bá máa sọ. Sángótẹ̀dó ni ilé tiwa wà, a ti kọ́ tiwa, a sì ń lò ó. Owó àti òógùn ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ pe lébìrà, kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan síbi tí ẹ fẹ́ kọ́ púùlù náà sí, kó jìn tó mítà kan àtààbọ̀. Kí wọ́n dẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, torí yanrìn ibí máa ń wó lu èèyàn, kí ẹ sì fi pákó tó nípọn bò ó kí ọmọ kankan má baà jìn sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi téèpù wọn ibi tí omi dúró sí, láti ojú ilẹ̀ wá sísàlẹ̀. Àsìkò òjò ni kí ẹ ṣe é, láàárín oṣù June sí October. Ìwọ̀n tí ẹ bá rí ní February máa tàn yín jẹ. Níbi tiwa, kòtò náà kò tíì dé ìbàdí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ẹ̀gbẹ́.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé púùlù tó kún kì í dààmú ẹnikẹ́ni, omi inú rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fa omi rẹ̀ tán láti fọ̀ ọ́ ni omi ìta máa fẹ́ gbé e sókè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ó gùn ní mítà 8, ó sì fẹ̀ ní mítà 4. Tí ẹ bá ka ògiri àti etí ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, ìdí náà á gùn tó mítà 8.5, á sì fẹ̀ tó mítà 4.5. Gbogbo mítà kan tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá fi ga ju ìdí yẹn lọ, agbára bíi tóònù 38 ló ń tì í sókè. Ẹ wá wo kọnkéré fúnra rẹ̀: bí ìdí bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 25, tí ògiri nípọn ní 20, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi tóònù 40 lọ. Bí omi bá wá ga ju ìdí lọ ní mítà kan àti díẹ̀, púùlù òfìfo ti fẹ́ kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Mo ti rí èyí tó kúrò. Ní ẹ̀sìtéètì kan nítòsí wa, wọ́n fa omi púùlù tán lóṣù July nítorí táìlì díẹ̀ tó ṣí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, igun kan ti gbéra, ó ga tó àtẹ́lẹwọ́ kan, páìpù ti já, òkúta tí wọ́n tẹ́ yí i ká sì ti là láti etí kan dé èkejì. Wọ́n pe ẹnjiníà mẹ́ta, ohun kan náà ni wọ́n sọ: kí wọ́n wó o.

Nítorí náà, ohun tí a ṣe, tí mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe, ni pé a kò jẹ́ kí púùlù náà jìn. Mítà 1 ni ibi tí kò jìn, mítà 1.5 ni ibi tó jìn jù. Ó tó kí àgbà lúwẹ̀ẹ́, ó sì tó kí ọmọ kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fò láti orí pákó sínú omi, kó lọ sí ilé ìtura. Lẹ́yìn náà a gbé e jáde nínú ilẹ̀. Àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà ni etí rẹ̀ fi ga ju ilẹ̀ lọ, a wá ṣe àtẹ̀gùn mẹ́ta àti pèpéle yí i ká. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà tí ẹ bá gbé sókè ni ẹ kò ní bá omi abẹ́ ilẹ̀ jà fún. Ó tún ní èrè mìíràn: ìkún omi ojú ilẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ ládùúgbò yìí, kò ráyè ya wọ inú púùlù. Ẹnjiníà wa sì jẹ́ kí ìdí kọnkéré náà yọ jáde kọjá ògiri yí ká, kí yanrìn tí wọ́n dà padà lè jókòó lé e, kó máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ó tún fi fáàfù kan sí ìsàlẹ̀ tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí omi ìta bá lágbára ju ti inú lọ. Fáàfù yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán an nìkan, torí yanrìn lè dí i. Ẹ má fa púùlù yín tán nígbà òjò rárá.

Ẹ̀gbọ́n, lórí ẹni tó máa ṣírò irin àti kọnkéré, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kó fọwọ́ sí àwòrán náà, kí ẹ sì mú un lọ sí LASPPPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, pẹ̀lú plánì ilé. Oríṣìíríṣìí bíríkìlà ló máa sọ fún yín pé búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n fi kọnkéré dí ihò rẹ̀ ti tó. Mo mọ̀ pé ó dín owó kù, ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń ti ògiri láti inú àti láti ìta, èmi kò ní gbà á. Kọnkéré alágbára tí wọ́n dà pẹ̀lú irin ìlà méjì ni kí ẹ fi ṣe ògiri. Níbi tí ògiri ti pàdé ìdí, rọ́bà kan wà tí wọ́n ń pè ní waterbar, wọ́n máa ń gbé e sí àárín kí wọ́n tó da ògiri. Ibẹ̀ gan-an ni omi ti máa ń jò. Ẹ dúró níbẹ̀ fúnra yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sí i.

Gbígbẹ́ kòtò gan-an nílò ìmúrasílẹ̀. Wọ́n á ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ilẹ̀ yí kòtò ká, pọ́ǹpù á máa fa omi nínú wọn tọ̀sán-tòru, kí ìsàlẹ̀ lè gbẹ fún wọn láti ṣiṣẹ́. Ẹ ṣètò epo dísẹ́ẹ̀lì fún un, kí ẹ sì ní pọ́ǹpù kejì nílẹ̀, torí wọn kò gbọ́dọ̀ pa á títí kọnkéré á fi le tí púùlù á sì fi ní omi nínú. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fún yín ní iye owó tí kò sí ti pọ́ǹpù yìí nínú rẹ̀, á jẹ́ pé kò tíì ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa rí, tàbí pé ó fẹ́ padà wá gba owó yẹn lọ́wọ́ yín nígbà tí kòtò bá ti ṣí.

Páìpù wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni èmi àti agbaṣẹ́ṣe wa ti fẹ́ jà. Àwọn pọ́ḿbà rẹ̀ ti so gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n sì fẹ́ da kọnkéré bò ó lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n dí gbogbo ẹnu páìpù, kí wọ́n fún omi mọ́ ọn pẹ̀lú géèjì lórí, kí a sì jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ṣé mi ò fọkàn tán àwọn ni. Géèjì náà wà lórí 30 nígbà tí a lọ sùn. Láàárọ̀, ó ti wá sórí 11. A tọ páìpù náà lọ títí a fi rí igun kan tí wọ́n kàn kì bọ ara wọn láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Ká ní wọ́n ti da kọnkéré bò ó ni, à bá máa fọ́ ìdí púùlù tuntun láti wá a. Ẹ kọ àyẹ̀wò yìí sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ má san owó ìpele yẹn bí wọn kò bá ṣe é. Bákan náà, kí wọ́n tó lẹ táìlì kan ṣoṣo, ẹ kún púùlù náà kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbé ike omi kan sórí àtẹ̀gùn inú rẹ̀, ẹ fi àmì sí ibi tí omi dé nínú ike àti lára ògiri. Bí ti púùlù bá fi púpọ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ike lọ, kì í ṣe oòrùn ló fà á, ó ń jò ni.

Púùlù bẹ́ẹ̀ á gba nǹkan bíi lítà 40,000, ìyẹn táńkà onílítà 10,000 mẹ́rin. Ẹ ó fẹ́ lo omi borehole yín. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ béèrè irin tó wà nínú rẹ̀. Omi tiwa mọ́ gaara nígbà tó ń jáde. Lálẹ́ a da kọ̀lóríìnì sí i, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ gbogbo púùlù ti rí bíi tíì Lípton. Irin tó yọ́ sínú omi ni kọ̀lóríìnì máa ń mú jáde bẹ́ẹ̀. A da álọ́ọ̀mù sí i, a pa ẹ̀rọ kí ìdọ̀tí náà lè rọ̀ sílẹ̀, a wá rọra fà á jáde láti ìsàlẹ̀ síta, láìjẹ́ kó gba inú fílítà kọjá. Ó bọ́ sípò, ṣùgbọ́n àwọn ìlà funfun àárín táìlì ti mu àwọ̀. Bí irin bá pọ̀ nínú omi yín, ẹ ra fílítà irin sí ẹnu borehole kí ẹ tó kún un rárá.

Fún omi tó pọ̀ tó yẹn, pọ́ǹpù tó lè fa gbogbo rẹ̀ gba inú fílítà kọjá láàárín wákàtí mẹ́fà ló yẹ, agbára ẹṣin kan (1 horsepower) sì sábà máa ń tó fún un. Ó ń jẹ iná bíi kílówáàtì kan. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ jẹ́ yúníìtì 180 lóṣù, ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín lórí yúníìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó pinnu. Sólà ló ń gbé tiwa lọ́sàn-án. Omi tí ẹ bá fi fọ fílítà náà ní láti ní ibi tó ń lọ, kó sì má jẹ́ sókáwéè ilé, torí ìyẹn fúnra rẹ̀ ti ń kún nígbà òjò. Ẹ fi púùlù jìnnà sí sókáwéè bí ààyè bá ti lè gbà yín tó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ pé àwọn ọmọ-ọmọ yín ń wá lọ́dún. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìparí bí ohun tí èèyàn máa fi owó tó bá ṣẹ́kù ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4 ni omi ń pa jù lọ. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Ọgbà irin tó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán, tí ọmọ kò lè gun, pẹ̀lú géètì tó ń padà tì fúnra rẹ̀, kó wà nínú àwòrán àti nínú iye owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògiri fẹ́ǹsì ilé kò tó, torí inú ilé ni ọmọ ti máa wá. Kí ihò tó ń fa omi ní ìsàlẹ̀ jẹ́ méjì, tí wọ́n jìnnà síra tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí wọ́n so pọ̀, kí ọ̀kan má baà lè fa ara ọmọ mọ́lẹ̀ bó bá dí i. Ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan, Virginia Graeme Baker, kú lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní 2002, ihò ìfamí ló dì í mú, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe òfin ní 2007. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa, àwa fúnra wa ló máa béèrè rẹ̀. Iná inú omi, fólúùtì 12 ni, kí ẹlẹ́tíríìkì sì gbé bíréékà sí ẹnu rẹ̀, irú èyí tó ń gé iná bí iná bá ń jò.

Ẹ wá mú àwòrán mẹ́ta yẹn padà. Èyí tí omi rẹ̀ ń ṣàn kọjá etí lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó nílò táńkì mìíràn tó máa gba omi tó ń ṣàn náà, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì máa ń rì í sí. Kòtò kejì nìyẹn nínú ilẹ̀ olómi. Roboto ń ná owó lórí pákó tí wọ́n fi ń dá kọnkéré dúró àti lórí gígé táìlì. Onígun mẹ́rin, tó ní skimmer (ihò tó ń fa ewé àti ìdọ̀tí ojú omi wọlé) lára ògiri, ni mo máa mú bó bá jẹ́ tèmi. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, ewé rẹ̀ kò ní jẹ́ kí skimmer sinmi. Ẹ gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò nínú òjò tó ń bọ̀ yìí, kí ẹnjiníà ṣírò láti ibi tí omi bá dé, kí iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ ní December. Bí wọn kò bá fi falẹ̀, ìdí àti ògiri á ti le, púùlù á sì ti ní omi nínú kí òjò April tó dé.