Ta ló ń lo kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester, mo wá rí i pé désíkítọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í sinmi, tó bá ti lọ síbi iṣẹ́ gan-an fáànù ẹ̀ á ṣì máa kùn. Ó ní àwọn onísáyẹ́ǹsì kan ní Geneva lòun yá a, pé kọ̀ǹpútà mìíràn wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe àwọn yahoo ló ti wọlé sí i lára? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé èmi náà lè ṣe é n'Íbàdàn? (Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó jọ pé LHC@home ni, ètò tí aráyé fi ń yá àwọn onísáyẹ́ǹsì ní kọ̀ǹpútà wọn, tàwọn CERN ni, iléeṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà ní Geneva, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti 2004. Wọ́n ní ẹ̀rọ ràgàjì kan lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tó yí po fún kìlómítà 27, inú ẹ̀ ni prótọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, ti ń kọlu ara wọn, ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀ ò lópin, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bẹ aráyé kí wọ́n bá àwọn ṣe díẹ̀ níbẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ni wọ́n kọ sọ́fítíwíà wọn fún, Windows ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ta ló fẹ́ jókòó tún gbogbo ẹ̀ kọ? Ní 2011 wọ́n gbé Test4Theory jáde lábẹ́ LHC@home, wọ́n di Linux àti sọ́fítíwíà náà sójú kan, VirtualBox, sọ́fítíwíà tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà, á wá ṣí i lórí Windows, á máa ṣe bíi pé òun nìkan ló ni kọ̀ǹpútà. Ẹ sáà wò ó bí ayálégbé tó ní yàrá àti kíṣìnì tiẹ̀ àmọ́ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ lánlọ́ọ̀dù, kò sóhun tó kàn án pẹ̀lú fọ́tò àwọn ọmọ. BOINC, sọ́fítíwíà tó ń pín iṣẹ́ náà, ló ń gbéṣẹ́ fún un, ẹ lè sọ fún BOINC pé tí ẹ bá ti fọwọ́ kan máàsì kó dúró.

Owó kọ́ o, póìǹtì lásán ni wọ́n ń fúnni.

Tiyín n'Íbàdàn wá ńkọ́? Tí RAM (mẹ́mórì) kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ 4GB, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Dátà tó máa jẹ ò kéré, tí NEPA bá sì ṣàdédé mú iná lọ, iṣẹ́ wákàtí mélòó kan lè wọgbó. Èmi ò lè tan jẹnẹrétọ̀ tìtorí ẹ̀ láé. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè iye tó ń san fún iná l'óṣù ná.